Èjìká Ń Sọ Tiẹ̀, Ojú Ń Sọ Tiẹ̀

Fún odidi ọdún mẹ́fà, píọ̀ wọ́tà márùn-ún ni mo ń gbé kọ́ èjìká láti Ìbàdàn lọ sí Èkó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, n kò sì rí ẹyọ kan mu nínú rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ló là mí lójú sí i. Ìráhùn mi ti sú u. Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé kan tí mo ń palẹ̀ mọ́ fún ìrìn àjò ọjọ́ kejì, tí mo tún ń fọwọ́ ra èjìká, ó lọ gbé òṣùwọ̀n tí ìyá rẹ̀ fi ń wọn ìyẹ̀fun kéèkì wá láti kíṣìnnì, ó gbé láptọ́ọ̀pù mi lé e. Kílò méjì ó lé díẹ̀. Ó ká wáyà ṣájà jọ, ó gbé ìyẹn náà lé e. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì kílò. Ó wá ṣí fìríìjì, ó mú ọ̀rá omi jáde. Ìdajì lítà ló ń wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdajì lítà omi sì rèé, ìdajì kílò ni.

"Dádì, píọ̀ wọ́tà márùn-ún lẹ ń gbé lọ tí ẹ tún ń gbé bọ̀."

Ó to márààrún sínú àpò ìwé rẹ̀, ó ní kí n gbé e kọ́, kí n fi rìn yí pálọ̀ ká. Mo gbé e kọ́. Ó tutù lẹ́yìn mi, ó sì wúwo. Bí ẹnì kan bá ní kí n máa gbé omi yìí láti Moníyà dé Alágómejì kí n má sì mu ún, màá wo ẹni náà lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n nítorí pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pe tèmi, mo ti gbà á bí ìpín.

Olóòtú ìwé ni mí. Ìwé Yorùbá táwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń kà ni mo ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Mo ń wá ọ̀rọ̀ tó sọnù, gbólóhùn tó wọ́, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, àmì ohùn tó ṣìnà. Ilé mi ní Ìbàdàn ni mo ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ní láti lọ rí àwọn tó gbé iṣẹ́ fún mi ní Ìkẹjà. Mọ́tò ni mo ń wọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí rélùwéè tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, kìlómítà 157 láàárín Èkó àti Ìbàdàn, tó gba Abẹ́òkúta kọjá, mo fi mọ́tò sílẹ̀, mo ní ìsinmi dé. Ìsinmi dé fún ẹsẹ̀ lóòótọ́. Ti èjìká kò tíì dé.

Ẹ̀rọ tí mò ń wí yìí, Yorùbá fún un lórúkọ méjì. Àwọn kan ń pè é ní kọ̀ǹpútà alágbèéká, àwọn kan ń pè é ní kọ̀ǹpútà agbélétan. Orúkọ àkọ́kọ́ ń wo ọwọ́ àti èjìká: ohun tí a lè gbé kiri. Èkejì ń wo itan: ohun tí a lè gbé lé itan ṣiṣẹ́. Orúkọ méjèèjì ló yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dárúkọ ojú nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ojú ni ẹ̀rọ náà ń sìn. Kì í kúkú ṣe pé èdè wa kò mọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń hàn lára rẹ̀, ojú la pè é. Ojú là ń fi wo ojú, àárín ojú wa àti ojú rẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Èjìká àti itan kàn ń bá wa gbé e débẹ̀ ni.

Èyí tí mo ń gbé nígbà náà, ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 15.6. N kò rà á láti fi ṣe fáàrí. Mo ti lé lẹ́ni ogójì ọdún, ojú mi sì ti ń fi tó mi létí. Awẹ́ kan wà nínú ẹyinjú tó máa ń yí ara padà kí a lè rí ohun tó wà nítòsí. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, awẹ́ náà á máa le. Ìdí rèé tí àgbà fi ń na ìwé sọ́ọ̀ọ́kán bí ẹni tó ń fi í lọ ẹlòmíràn. Mo ra awò ojú, mo sì ra láptọ́ọ̀pù ńlá kún un. Lórí tábìlì mi nílé, n kò rí àléébù kan lára rẹ̀. Ìgbà tí mo bá jáde ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Nínú rélùwéè, agbélétan kọ̀ láti gba orí itan. Bí mo bá ṣí i, ìdérí rẹ̀ á kan àga iwájú. Ìgúnpá mi á wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó tì mí wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé tẹlifíṣọ̀n lo gbé wá ni?"

Mo ní, "Rárá mà, iṣẹ́ ni."

Ó ní, "Ó dáa. Sún un síbí díẹ̀, ká jọ máa wò ó."

Mo pa á dé.

Tí mo bá sì dé Èkó, ọ̀rọ̀ ṣíṣí ò tún sí mọ́. Àpò ẹ̀yìn kì í gbé ẹ̀yìn ní Èkó. Àyà là ń gbé e kọ́ sí nínú dáńfó, kí ọwọ́ tí kì í ṣe tiwa má baà kí i. Màá gbé e la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ já, màá gbé e gun àtẹ̀gùn ilé tí wọ́n ti ń dúró dè mí. Ohun tí màá sì fi ṣe níbẹ̀ kì í ju kí n ṣí ojú ewé méjì fún ayàwòrán, kí n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, fìlà bàbá yìí tẹ̀ sí òdì," kí n sì tún dì í padà sínú àpò.

Bí èjìká ṣe jàre nìyẹn. Mo lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, mo ra kékeré. Tòkunbọ̀ ni, íǹṣì 11.6, kò ju kílò kan ó lé díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́yìn ọ̀nà jíjìn rí yóò mọ bó ṣe rí lára mi. Mo ń fi í há abíyá bí ìwé orin. Ó bá itan mi mu rẹ́gí nínú rélùwéè. Ẹni tó jókòó tì mí ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé mo ṣí nǹkan kan. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: mo sọ fún ara mi pé mo ti rí ìtẹ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi rélùwéè ṣe ọ́fíìsì. Kí a tó dé Abẹ́òkúta, mo ti ka ogún ojú ewé. Kí a tó dé Alágómejì, mo ti ka ogójì. Mo ń fi ojú ọ̀nà pa owó, inú mi sì ń dùn sí ọgbọ́n orí mi.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́rin, tíṣà kan tẹ̀ mí láago. Ìwé ìtàn kékeré kan ló ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, èmi ni mo sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ìtàn obìnrin apẹja kan ni. Ìjì jà, odò ru. Ohun tí òǹkọ̀wé kọ ni pé: ọkọ̀ rẹ̀ rì sínú odò, ó lúwẹ̀ẹ́ dé èbúté, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ra òmíràn. Ohun tó jáde nínú ìwé ni pé: ọkọ rẹ̀ rì sínú odò. Ìyókù wà bó ṣe wà. Ó lúwẹ̀ẹ́ dé èbúté. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ra òmíràn.

Tíṣà ní ọmọ kan nawọ́ sókè, ó béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ, torí pé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ń wá ọ̀kan.

Tíṣà rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ẹ̀rín náà ò bá mi dúró. Mo wá ojú ewé yẹn jáde, mo wo ọjọ́ tí mo kà á. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni.

Ẹni tó ń yẹ ìwé Gẹ̀ẹ́sì wò lè gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ díẹ̀. Bí lẹ́tà kan bá sọnù, ẹ̀rọ á fa ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ tọ̀nà, ọkọ̀ tọ̀nà, ọkọ́ tí à ń fi ro oko náà tọ̀nà. Ojú èèyàn nìkan ló lè mọ èwo ló rì sínú odò. Ohun tó sì ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ kò ju ìlà bíńtín kan lọ, lórí lẹ́tà tó tún ru àmì mìíràn sábẹ́. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn ọmọ Yorùbá pàdé ní Èkó lọ́dún 1875 láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa sílẹ̀, bébà àti yíǹkì ló wà lọ́kàn wọn. Ta ló fẹ́ mọ̀ pé a ó máa wá àmì wọ̀nyẹn lórí itan, nínú ohun tó ń sáré?

Ẹ lè ní, ṣé n kò lè sọ lẹ́tà di ńlá ni? Mo lè ṣe é, mo sì ń ṣe é. Ibẹ̀ gan-an ni ojú kékeré ti ń dá ẹjọ́ tí kò ní ìparí. Bí mo bá sọ lẹ́tà di ńlá débi tí àmì fi hàn ketekete, ìlà mẹ́rin, márùn-ún péré ló máa ṣẹ́ kù lójú ẹ̀rọ, gbólóhùn tó ṣáájú á ti sá lọ sókè. N kò ní rántí mọ́ pé odò là ń wí. Bí mo bá sì dín lẹ́tà kù kí n lè rí odò, apẹja àti èbúté lẹ́ẹ̀kan náà, àmì á di eruku. Tí mo bá rí àmì, ìtàn á sá. Tí mo bá rí ìtàn, àmì á sá. Ọ̀rọ̀ Yorùbá sì ń fẹ́ kí a rí méjèèjì pọ̀, torí ìtàn ló ń sọ àmì tó yẹ.

Mo padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin tó ta kékeré fún mi.

"Alàgbà, ẹ kú ìrìn. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Ojú rẹ̀ ló kéré."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kékeré lẹ fẹ́, sà."

Kò purọ́. Mo ní kó wá ńlá fún mi, bíi ti àtijọ́. Ó gbé oníǹṣì 15.6 kan sílẹ̀, irú tèmi gẹ́lẹ́, ó gbé kékeré mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ṣí ìwé kan náà sójú àwọn méjèèjì. "Ẹ ka ìlà," ló wí. Mo kà á. Mo tún un kà. Iye ìlà tó hàn lójú ńlá kò fi ẹyọ kan ju ti kékeré lọ.

Ó rẹ́rìn-ín sí bí mo ṣe ya ẹnu. Ó ní ojú kọ̀ǹpútà kì í ṣe odindi. Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kéékèèké ni wọ́n tò pọ̀, tí wọ́n ń pè ní píksẹ́ẹ̀lì, bí àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n tò sára adé. Lára àwọn méjèèjì tó wà níwájú wa, píksẹ́ẹ̀lì 1366 ló wà ní ìbú, 768 ní òró. Iye ìlẹ̀kẹ̀ kan náà ni. Ti ọ̀kan kàn tóbi ju ti èkejì lọ ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń gbà. Fún ọdún mẹ́fà tí mo rò pé ayé tó gbòòrò ni mo ń gbé kọ́ èjìká, ìlẹ̀kẹ̀ ńlá ni mo ń gbé.

Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n mo rántí pé ìlẹ̀kẹ̀ ńlá náà ni ojú mi bẹ̀bẹ̀ fún. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ohun méjì là ń pè ní ojú ńlá, tí a sì ń kó wọn sínú àpò kan. Ọ̀kan ni bí ohun tí à ń rí ṣe pọ̀ tó. Èkejì ni bó ṣe tóbi tó. Ẹni tó ń wá èkíní lè rí i lójú ẹ̀rọ tí kò tóbi rárá, bí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ bá pọ̀ tó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó ń wá èkejì, àfi kó gbé gílásì tó fẹ̀, tàbí kó gbà kí ohun tó ń rí dín kù. Ọjà kì í yà wọ́n sọ́tọ̀ fún wa. Íǹṣì ni wọ́n sábà máa ń fi polówó rẹ̀.

Íǹṣì ọ̀hún gan-an, ẹ jẹ́ ká wò ó. Láti igun òkè lápá kan dé igun ìsàlẹ̀ lápá kejì ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Télọ̀ wo ló ń wọn aṣọ báyìí? Bí oníbàárà bá béèrè ọ̀pá mélòó ni ìró rẹ̀ gbà, tí télọ̀ sì fa tépù láti igun dé igun, oníbàárà á gba aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo yá rúlà lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà. Oníǹṣì 15.6 náà, sẹ̀ǹtímítà 34 àti ààbọ̀ ni ìbú rẹ̀, òró rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní 19. Ó wá gbé ọ̀kan wá fún mi, íǹṣì 14, èyí tí wọ́n ṣe ojú rẹ̀ kó ga díẹ̀ sí i, tí píksẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ 1920 ní ìbú àti 1200 ní òró. Ìbú rẹ̀ dín ní ti ńlá pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin ó lé. Òró rẹ̀ ńkọ́? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 19. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti ńlá kò tó ìbú ìka kékeré mi. Ti kékeré mi kò ju 14 àti díẹ̀ lọ.

Ìsàlẹ̀ ni ìwé kíkà ń lọ. Ìlà ń tẹ̀ lé ìlà. Ẹni tó ń wo fíìmù ló nílò ìbú. Ìbú tí mo fi ọdún mẹ́fà gbé kiri, sinimá ni wọ́n ṣe é fún.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbé kọ̀ǹpútà rìn rí ju èyí lọ. Ní ọdún 1981, Adam Osborne gbé ẹ̀rọ kan jáde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n sọ pé èèyàn lè gbé rìn, Osborne 1. Ó dà bí máṣíìnì ìránṣọ nínú àpótí rẹ̀, ó wúwo tó nǹkan bíi kílò 11. Àpò píọ̀ wọ́tà kan, ogún ló ń wà nínú rẹ̀. Ẹni tó gbé Osborne gbé odindi àpò kan, ó tún fi méjì há ọwọ́. Ojú rẹ̀ ńkọ́? Íǹṣì 5. Ojú fóònù tó wà lápò mi tóbi jù ú lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2008, Steve Jobs dúró níwájú èrò, ó sì fa láptọ́ọ̀pù MacBook Air jáde nínú àpòòwé bébà bí ẹni fa lẹ́tà yọ: íǹṣì 13.3, ìwúwo rẹ̀ kò tó píọ̀ wọ́tà mẹ́ta. Láàárín ọdún 27, ẹrù ti fò kúrò lórí méjìlélógún, ó ti já sí mẹ́ta. Ojú tí a fi ń wò ó kò yí padà. Bó ṣe rí nínú orí àwọn tó ra Osborne ló rí nínú orí wa, ogójì ọdún rẹ̀ sì ń pé bó ṣe ń pé.

Ìyá mi àgbà ni mo rántí nígbà tí mo jókòó nínú rélùwéè lálẹ́ ọjọ́ tí mo kúrò lọ́dọ̀ ọmọkùnrin náà láìra nǹkan kan. Ẹ̀lùbọ́ ló ń tà. Agbọ̀n méjì ló ní, ńlá àti kékeré, òṣùká kan náà ló sì ń lò fún méjèèjì. Bó bá jẹ́ ọjà ìlú wa ló fẹ́ ná, ńlá ló ń kún. Bó bá jẹ́ ọjà tó ní láti fẹsẹ̀ rìn láti àfẹ̀mọ́júmọ́ kó tó débẹ̀, kékeré ló ń rù. Ẹlẹ́rù ní í gbé e níbi tó ti wúwo, kò sì sí ọmọ tó máa bá a gbé e dé ibẹ̀. N kò gbọ́ kó jókòó ro èwo ló sàn jù nínú agbọ̀n méjèèjì rí. Ọjà tó kàn ló máa ń béèrè.

Nítorí náà, mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo sì fi ọgbọ̀n ọjọ́ kọ bí mo ṣe ń lo ẹ̀rọ mi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni mo gbé e jáde nínú ọgbọ̀n. Nínú ọjọ́ mẹ́sàn-án náà, mo ṣí i ní ìgbà mẹ́rìnlá níta: láti fèsì ìwé, láti fi àwòrán han ẹnì kan, láti wo owó tí wọ́n fẹ́ san. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo yẹ àmì wò níta, kò sì yẹ kí n ṣe é. Àwọn ọjọ́ tó kù, tábìlì kan náà, àga kan náà, ojú mi nìkan ló ń ṣe làálàá.

Mo wo àkọsílẹ̀ náà títí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni èjìká mi ní ẹjọ́ lóṣù, ojú mi sì ní ẹjọ́ lójoojúmọ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ èjìká ni mo gbọ́ tiẹ̀? Èjìká mọ ariwo pa ni. Ó ń dùn mí lójú ẹsẹ̀, mo ń fọwọ́ ra á, ìyàwó mi ń fi òrí pa á fún mi. Ojú kì í ké. Bí kò bá rí nǹkan, kò ní sọ pé òun ò rí i. Á kàn kọjá lọ bí ẹni tó rí i. Èèyàn ò lè mọ ohun tí ojú rẹ̀ fò, àfi bí tíṣà bá pè é lórí fóònù.

Ọ̀rọ̀ kan sì tún wà níbẹ̀ tó mú mi dákẹ́. Ìrora èjìká, mo ń sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú àpò. Bí mo bá dé ilé tí mo sùn, ó ti tán, èmi nìkan ló sì mọ̀ ọ́n lára. Àṣìṣe tí ojú kékeré mú mi ṣe kò kalẹ̀ níbì kankan. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, wọ́n kó o sínú páálí, ó wà lórí tábìlì àwọn ọmọ tí n kò mọ̀, ọmọ ọlọ́mọ ló ń fi ojú tirẹ̀ wá ọkọ̀ tí èmi sọ nù. Nígbà tí mo fi ojú ṣòwò fún èjìká, mo rò pé èmi ni mo ni ohun méjèèjì. Èmi ni mo ni èjìká lóòótọ́.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí lọ ra ẹ̀rọ tó máa gún un lẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé yàrá pẹ̀lú èèyàn márùn-ún, tí kò ní tábìlì, tó ń fẹsẹ̀ rìn láti kíláàsì dé kíláàsì, agbọ̀n kékeré ni tiẹ̀. Akọ̀ròyìn tó ń dúró tẹ ọ̀rọ̀ níwájú ilé ẹjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó ń gé fíìmù nílé ló ni ìbú tí mo sọ nù sọ́jà. Kí oníkálukú kọ ọgbọ̀n ọjọ́ tirẹ̀.

Èmi padà lọ ra oníǹṣì 14 yẹn, mo sì fi kékeré lé e kí owó lè dín. Owó tó ṣẹ́ kù ni mo fi ra mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ kan, íǹṣì 22, tí mo gbé ka orí tábìlì mi nílé, mo sì ń fi wáyà kan so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn. Ojú ńlá jókòó sílé, ojú kékeré ń rìn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tan án, mo sọ lẹ́tà di ńlá títí àmì fi dà bí ẹ̀ka igi, ìtàn náà sì wà níbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sá.

Ṣùgbọ́n ilé wa ni mo wà, níbi tí iná ti ń wá tó tún ń lọ. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì tirẹ̀. Bí iná bá lọ, kò ní mọ̀. Mọ́nítọ̀ kò ní. Kò kúkú jẹ iná púpọ̀, kò tó ìdajì ohun tí gílóòbù pupa 60 wáàtì ayé àtijọ́ ń jẹ, ṣùgbọ́n bí ínfátà bá ti rẹ̀, ó di dígí dúdú tí mo ń wo irun ìpẹ̀nǹpẹ́jú mi nínú rẹ̀. Mo bínú sí i lóṣù àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, mo pín iṣẹ́ sí méjì. Bí iná bá dé, ìgbàkígbà tó wù kó jẹ́, àmì ni mò ń yẹ̀ wò. N kì í fèsì ìwé ẹnikẹ́ni. Bí iná bá lọ, mo ń kọ̀wé sí àwọn èèyàn, mo ń ka àkọ́kà, mo ń ṣe ìṣirò owó. Ìyàwó mi ní òun ti mọ̀ báyìí pé bí òun bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, kí òun dúró de ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ.

Ní oṣù tó kọjá, wọ́n fẹ́ tún ìwé apẹja yẹn tẹ̀. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dúró de iná. Ó dé ní aago méjì òru ọjọ́ Àìkú mọ́jú Ajé, mo dìde, mo tan mọ́nítọ̀, mo ka ìwé náà láti ojú ewé kìíní. Mo dé ibi ìjì. Àmì náà wà lórí ọ̀ ìkẹyìn, ó dúbúlẹ̀ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ bí àjẹ̀. Mo kà á sókè, èmi nìkan nínú pálọ̀: ọkọ̀ rẹ̀ rì sínú odò. Mo ń bá a lọ. Mo rí àṣìṣe méjì mìíràn tí tíṣà náà kò rí, tí ọmọ kankan ò béèrè ìdí wọn.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, ọmọ mi tún gbé òṣùwọ̀n kéèkì wá. Láptọ́ọ̀pù àti ṣájà, kílò kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ ti mu méjì nínú márùn-ún yẹn."

Lọ́jọ́ kejì, nínú rélùwéè, mo gbé e lé itan. Mo fèsì ìwé méjì, mo sọ fún ayàwòrán pé fìlà bàbá ti dára báyìí. Wọ́n ti fi ìwé mìíràn ránṣẹ́ sí mi. Mo ṣí i, mo rí ìlà àkọ́kọ́ pẹ̀lú àwọn àmì rẹ̀ tó dà bí eruku, mo sì pa á dé. Mo ń wo igbó títí a fi dé Abẹ́òkúta, títí a fi kọjá rẹ̀. Oòrùn ti mú nígbà tí a sọ̀ ní Alágómejì. Mo gbé àpò mi kọ́ àyà, mo ra píọ̀ wọ́tà kan lọ́wọ́ ọmọdébìnrin tó gbé e lórí, mo já a lẹ́nu, mo sì mu ún tán.